Ìlà Tí Kò Mọ̀ Pé Ẹran Ti Rà

Nígbà tí ẹlẹ́rọ kan ṣí yàrá òtútù tí wọ́n ń kó ẹran sí, òtútù ti tán níbẹ̀, òórùn tó kọlù ú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ìdin ń yan fanda lórí ẹran bí onílé.

Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń fi òtútù yàrá náà hàn ṣì ń lọ gbọọrọ, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà méjì ló ń ṣiṣẹ́ yìí: ọ̀kan ń ka òtútù, èkejì ń ya ìlà. Ó yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó ń kà ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta!

Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀ tó kọ ètò méjèèjì, tó jókòó tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran. "Kí wá ni èkejì ń yà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí kò bá rí nǹkan gbà, mo ní kó máa tún nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yà. Ọ̀gá ò fẹ́ rí àlàfo nínú ìlà."

"O wọṣọ fún òkú, o tún ní kó máa jó! O rí mi lára ju ìdin lọ." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí búrẹ́dì. "Ẹran yẹn ńkọ́?"

"Yàrá òtútù ni mo ti mú un lánàá. Mo kúkú wo ìlà kí n tó..."

Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣeé gbé mì mọ́.