Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Mo Kọ Òdo

Ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín ná, kí ẹ tó bá mi sunkún.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wọn òjò fún ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́. Àgò kan wà lórí òkè, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti lù, màá da omi inú rẹ̀ sínú gíláàsì onílà, màá kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, màá fọwọ́ sí i. Èmi nìkan. Ìdí mi tóbi nígbà náà ju báyìí lọ, síbẹ̀ ó ń gun òkè yẹn láìmí hẹlẹ. Ìyàwó Òjò ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì lọ́kọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló jogún òjò lọ́wọ́ mi, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló fi ń wá a. Ó ti ṣàlàyé fún mi títí. Ooru ilẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ olómi sókè bí ìgbà tí ìkòkò ń hó, òun ló ń di ìkùukùu ńlá tó ń sán ààrá. Afẹ́fẹ́ ńlá mìíràn sì wà tó ń rìn yí ayé ká. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń fa ta? Kọ̀ǹpútà ti pín ayé sí àpótí-àpótí, àpótí kan fẹ̀ ju ìlú mẹ́ta lọ. Ìkùukùu kéré jù fún un láti rí. Òfin lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ, tí yóò sọ fún un ohun tí ìkùukùu ń ṣe.

Ní Sátidé kan, ó jókòó ní ilé ìdáná mi, kọ̀ǹpútà lórí itan.

"Ìyá àgbà, òfin tí mo kọ́kọ́ kọ ní ìkùukùu lè fa afẹ́fẹ́ ńlá mọ́ra. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, á máa bọ́ ara rẹ̀."

"Bí ọ̀rọ̀ olófòófó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo wá fi dán ọdún àtijọ́ kan wò. Kọ̀ǹpútà ní òjò ńlá rọ̀ lórí òkè yín fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Ìwé yín ní òdo. Òdo, òdo, òdo. Kò sì sí àgò mìíràn ní gbogbo agbègbè yẹn."

"O wá ṣe é báwo?"

"Mo fún òfin náà lọ́rùn pa. Ọdún méjì ni mo fi kọ òmíràn, tí ìkùukùu á kàn jókòó máa dúró de afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí n lè gboyè."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Mo rí ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Káfíńtà ni bàbá àgbà rẹ̀. Wọ́n rán an wá tún àpótí témómítà ṣe lórí òkè, iṣẹ́ ọjọ́ kan. Òjò dé, ó sá wọ yàrá mi nísàlẹ̀ òkè, ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi jáde. Páànù ń dún bíi pé wọ́n ń da òkúta lé e, àwa méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ. Ta ló fẹ́ gun òkè? Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá, àgò ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Omi ọjọ́ wo ni ti ọjọ́ wo? Bí mo bá fi àyè sílẹ̀ lófìfo, wọn á bi mí léèrè. Òdo kì í pe ẹjọ́. Mo kọ ọ́ nígbà mọ́kànlá, mo fọwọ́ sí i. Inú òjò yẹn ni mo ti lóyún ìyá ọmọ yìí.

Mo lè dákẹ́. Ọjọ́ Ajé á kọjá, á gboyè, màá jó. Ṣùgbọ́n mo rò pé òtítọ́ á dùn mọ́ ọn.

"Ọkọ mi," mo ní, "òjò rọ̀."

"Òjò wo?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo tiẹ̀ fi àwàdà sí i, pé èmi ni ìkùukùu, bàbá àgbà rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ńlá, ta ló wá fa ta? Kò rẹ́rìn-ín.

"Òfin mi tọ̀nà nígbà náà."

"Ó tọ̀nà, ọkọ mi! Gbé e jáde padà!"

"Ẹlòmíràn ti gbé e jáde lọ́dún tó kọjá, Ìyá àgbà. Òfin kan náà. Orúkọ onítọ̀hún ni wọ́n fi ń pe òfin náà. Èmi ni mo dìde láàárín èrò, tí mo fi ìwé yín pè é ní òpùrọ́."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Lọ́jọ́ Ajé, kò gbèjà ohunkóhun. Ó kọ̀wé sí wọn pé òun fà á sẹ́yìn, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi purọ́, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ dà nù nígbà tí wọ́n gbọ́, gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi ibà gun òkè, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Wọn ò sọ ẹni tí òtítọ́ máa gbá ṣubú lójú ọ̀nà.

Mo ti ra àgò tuntun, mo rì í sí àgbàlá. Orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án kì í bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ta ni mo fẹ́ bá dùbúlẹ̀ níbẹ̀? Àràárọ̀ ni mò ń fi iye òjò ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Oṣù mẹ́rin, kò fèsì.

Láàárọ̀ yìí, mílímítà mẹ́tàdínlógójì ni. Mo fi ránṣẹ́. Fóònù dún padà. Àyà mi fò sókè bíi ti ọmọge.

Gbólóhùn kan ló kọ: "Ta lẹ jọ kà á, tó lè jẹ́rìí sí i?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, nínú àgbàlá. Èmi nìkan.