Ìdákẹ́ Kejì

Ìka rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọkànlá, kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀. Àmì ìdákẹ́ kan wà níbẹ̀, èyí tó ń ní kí olórin dákẹ́ títí yóò fi ka ení dé ẹ̀rin. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ìwé kejìlá, ó tún rí àmì ìdákẹ́ mìíràn lókè pátápátá. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un wò, bóyá ojú òun ló ń ṣe é. Méjì ni. Méjì ni wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ìwé orin náà, àfi nínú èyí tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n ti di ọ̀kan ṣoṣo.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé-ẹ̀kọ́ orin wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí láyé rẹ̀. Fíólà ló ń ta, ìyẹn ẹ̀gbọ́n fayolíìnì, èyí tí ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ní ọdún tó kọjá, òjò jò wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ba ìwé orin olóhun-èlò mẹ́rin kan jẹ́, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìwé ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n to ìlà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sí. Ìwé náà ti gbó débi pé ìyá tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé kò jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì rárá. Akọ̀wé ló fi ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ìsinmi rẹ̀ jókòó tì í, tó fi bírò dúdú da ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Òun náà yin ara rẹ̀ díẹ̀.

Ní báyìí, ó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ. Ìlà tirẹ̀ ló fi gbẹ̀yìn, ó sì ti kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọkànlá nígbà tí ìyá náà mi agogo kékeré rẹ̀ pé òun fẹ́ tilẹ̀kùn. Nígbà tó padà dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí àmì ìdákẹ́ lókè ojú ìwé kejìlá, ó ní èyí tí òun kọ lánàá nìyí, ó sì fò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdákẹ́ kan, láti ení dé ẹ̀rin. Ta ni yóò mọ̀?

Ẹnì kan mọ̀. Ohun tó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di òkúta nínú yàrá ìkàwé nìyẹn.

Mẹ́rin ni àwọn tó ń ta orin náà. Alága àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń ta fayolíìnì méjèèjì. Wọ́n ń pè é ní Alága nítorí kò sí ìpàdé tí kì í fẹ́ ṣí. Akọ̀wé ń ta fíólà. Ṣẹ́lò, ohun èlò ńlá tí wọ́n máa ń fi sáàárín orúnkún, wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi ọdún mẹ́fà jù wọ́n lọ, tó ti ṣe káfíńtà rí kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Láàárín orin náà, ibì kan wà tí gbogbo wọn ti máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìdákẹ́ yìí, fíólà nìkan ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ṣẹ́lò yóò sì tẹ̀ lé e, kí fayolíìnì méjèèjì tó wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọlu ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pé Akọ̀wé yá jù. Akọ̀wé gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó béèrè ẹni tó fẹ́ wá sọ ohun tó wà nínú ìwé tí òun fọwọ́ ara òun kọ fún òun.

Alága àti àbúrò rẹ̀ kò fẹ́ràn ìjà kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n pa kíkà ení, èjì tì níbẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ Akọ̀wé. Káfíńtà yìí nìkan ni kò yé kà. "Ẹ jẹ́ ká tún un kà," ni yóò wí, lóhùn pẹ̀lẹ́, ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé ṣe sọ ọ́ ní Bọ̀dá Kàátúnkà. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọlọ́dẹ ẹnu géètì pàápàá ń fi kí i káàárọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ó dá Akọ̀wé lójú jù láti wò ó, ojú sì ti Bọ̀dá jù láti béèrè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ta á níwájú àwọn òbí, Bọ̀dá ka tirẹ̀, ó wọlé lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, àwọn tó wà níwájú sì wo ara wọn lójú. Akọ̀wé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá olùkọ́ wọn. Ó ní Bọ̀dá kò mọ̀ ọ́n kà. Olùkọ́ ní bó bá tún pẹ́ wọlé níwájú àlejò tó ń bọ̀, òun yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bọ̀dá gbọ́.

Òní ni ọjọ́ àlejò. Ìyá àgbà tó kọ orin náà fúnra rẹ̀ ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó ń bọ̀ wá kọ́ wọn ní gbangba: wọn yóò ta orin níwájú èrò, òun yóò sì dá wọn dúró níbi tó bá wù ú, yóò tún un ṣe fún wọn lójú gbogbo ayé. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe rán Akọ̀wé wá gbé ìwé ńlá náà.

Ó gbé e mọ́ àyà, ó sì jáde. Bọ̀dá jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, ó ń fi oje pa irun ọrun tí wọ́n fi ń fa okùn ṣẹ́lò. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Akọ̀wé, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nǹkan kan," ó ní. "Tó o bá ti fẹ́ wọlé níbẹ̀ yẹn, mi orí sí mi díẹ̀. Mi ò ní ka nǹkan kan lónìí. Ojú ẹ ni mo máa máa wò."

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ná..."

Olùkọ́ yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní màmá ti jókòó, kí ni wọ́n ń dúró ṣe. Bọ̀dá dìde, ó gbé ṣẹ́lò rẹ̀. Àtẹ̀gùn méje ló wà láàárín wọn àti ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ìbá ti sọ ọ́ lórí èyíkéyìí nínú wọn, kò sọ ọ́. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, orí gbogbo wọn ni yóò dàrú, pé ó sàn kí òun sọ ọ́ bí wọ́n bá parí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Èrò kún gbọ̀ngàn náà. Ìyá àgbà náà jókòó nídìí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ife omi wà níwájú rẹ̀, awò ojú rẹ̀ ń fì lọ́rùn. Ó gba ìwé ńlá náà lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó dúpẹ́, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì ṣí i. Ó ti bá ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ta orin wí pé wọ́n ń ta á bí ayálégbé mẹ́rin tí kì í kí ara wọn. Àwọn èrò ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà tí àwọn mẹ́rin yìí jókòó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Alága kò sáré, àbúrò rẹ̀ sì ń gbe ohùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìyá àgbà náà di ojú, ó ń mi ìka. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọkànlá, gbogbo wọn sì dákẹ́.

Ìtìjú ti tẹ orí Akọ̀wé ba. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ; oṣù mẹ́jọ ló ti mọ́ ọn lára. Ìgbà tí ohùn fíólà ti jáde tán ló rántí pé òun kò mi orí. Ó gbójú sókè. Bọ̀dá ń wò ó lójú, ó ń retí orí tó yẹ kó ti mì. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra mì. Ó ti padà sídìí kíkà. Ó wọlé síbi tí ìwé ní kó wọlé gan-an, ṣùgbọ́n àwọn fayolíìnì ti bá Akọ̀wé lọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọ́n ká. Lẹ́yìn pátápátá, olùkọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ nǹkan sí i.

Ìyá àgbà náà gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n dúró. Ó béèrè, láìkanra, pé ta ló ṣi kíkà.

Bọ̀dá na ọwọ́ tí ọrun wà. "Èmi ni, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Wọ́n ti ń bá mi wí nípa ẹ̀ tipẹ́."

Ó sọ ọ́ láìjanpata, bí ẹni tí wọ́n béèrè àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún Akọ̀wé dé ọkàn, nítorí ó gbọ́ pé ọkùnrin yìí ti gbà á gbọ́. Kó tó mọ̀, ó ti dìde dúró.

"Kì í ṣe Bọ̀dá, mà. Èmi ni." Ó nawọ́ sí ìwé ńlá náà. "Ìdákẹ́ méjì ló wà nínú ìwé yín. Mo fo ọ̀kan nígbà tí mò ń dà á kọ. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, mi ò sì lè sọ. Bọ̀dá ló ń kà á bó ṣe yẹ látọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo ní wọn ò mọ̀ ọ́n kà."

Ìyá àgbà náà gbé awò sójú, ó ṣí ìwé ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ìka tọ ojú ìwé kọkànlá dé ìkejìlá. Ó ní kí Akọ̀wé gbé tirẹ̀ wá. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gún ju tòun lọ. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Akọ̀wé sì rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni.

"Ẹyọ kan ni mo kọ́kọ́ kọ," ó ní. "Ẹni tó ń ta fíólà wa nígbà yẹn ni kì í bá a. Kò síbi tí kì í pẹ́ dé. Ó pẹ́ dé ìdánwò. Ó pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó ara ẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ tí mò ń dúró dè é ni mo lè sọ. Nígbà tó sú mi, mo fi ìdákẹ́ kan kún un, kó lè ráyè dé."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé ojú ìwé kejìlá. Ó ní ọdún kẹfà rèé tí ọkọ òun, onífíólà náà, ti kú, pé ọ̀run nìkan ni ibi tó ti yá dé ju òun lọ. Ó ní orin tí ọmọbìnrin yìí ta ni òun kọ́kọ́ gbọ́ nínú orí òun, ṣùgbọ́n orin tí ọkùnrin oníṣẹ́lò yìí kà ni òun kọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lókè awò rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

Olùkọ́ dìde. Ó ní kò ṣe pàtàkì mọ́, mà. Ó ya ewé náà kúrò, ó ká a, ó sì kì í bọ àpò, ìró yíya rẹ̀ dé ìtàgé. Ara tu Akọ̀wé, ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó sì jókòó. Kò lè wo Bọ̀dá. Bọ̀dá ló na ọrun rẹ̀, tó fi kan ìdúró ìwé Akọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń kí olórin tó bá ta á dáadáa.

"Ìwọ tó mọ̀ ọ́n kà," ìyá àgbà náà wí fún un, "èwo ni ká ta? Ẹyọ kan àbí méjì?"

Bọ̀dá ronú sí i, kò kánjú.

"Méjì ni, mà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dúró de bàbá."

Ìyá àgbà náà bọ́ awò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú un láti òkè ojú ìwé kọkànlá. Akọ̀wé yá pẹ́ńsù lọ́wọ́ àbúrò Alága, ó há àmì ìdákẹ́ kan sáàárín àwọn tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Kò gún rárá. Alága yíjú sí Bọ̀dá pé kó kà á fún wọn, ohun tí kò ṣe rí.

Wọ́n ta á dé ibẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́ kìíní parí. Ọwọ́ Akọ̀wé fẹ́ lọ, ó dá a dúró, ó sì bọ́ sínú ìkejì. Kò wọ ibẹ̀ rí. Oṣù mẹ́jọ ló fi rò pé Bọ̀dá ló ń pẹ́ níbí yìí. Ó ń gbọ́ bí Bọ̀dá ṣe ń mí. Ó ń gbọ́ àga tó ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Nídìí tábìlì kékeré, ìka ìyá àgbà náà ń kà pẹ̀lú wọn, ó dúró lórí ẹ̀ta, ìyá náà sì yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Bọ̀dá mi orí sí i.

Fíólà wọlé, òun nìkan, kò yá jù, kò sì pẹ́. Ìyá àgbà náà kò wo ìtàgé. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí a ti ń retí bá dé.