Hameedah Kò Gba Ipò Kankan

Àtẹ́wọ́ ni. Bí ọ̀gá iléèwé bá ti pe orúkọ ẹni tó gba ipò kìíní, àtẹ́wọ́ á bolẹ̀ bí òjò orí páánù. Ẹnì kejì, ẹnì kẹta, òjò ọ̀hún á máa dá díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá fi máa dórí Kàsímù ní ipò kọkànlá, ó ti dá pátápátá. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń dún bó ṣe ń lọ gba káàdì. Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn, láyé ìgbà tí gbogbo eyín ṣì pé lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní, nínú ilé tó ń dá gbé lẹ́bàá ọgbà ìgbafẹ́ Valence nílùú òyìnbó.

Kì í dá gbé tẹ́lẹ̀. Òun, Nùsírátù ọmọ rẹ̀, àti Hameedah ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí Nùsírátù tó rí ilé sí Chadwell Heath, nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà, bọ́ọ̀sì kan ni, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wá. Kàsímù ṣì máa ń ṣèèṣì wọn ìrẹsì ẹni mẹ́ta sínú ìkòkò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Nùsírátù pè é.

"Bàbá mi, ẹ ò tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́. Ọ̀la ni tíṣà fẹ́ gbà á o."

"Kọ́kọ́ sọ ipò tó gbà fún mi ná."

"Háà! Mo ti ní wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ipò mọ́. Wọ́n ti yọ máàkì náà kúrò. Tíṣà á kọ ohun tí ọmọ ti mọ̀ àti èyí tó ṣì ń kọ́, ará ilé náà á kọ ohun tí wọ́n rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Hameedah ní ẹ̀yin lòun fẹ́ kó kọ tòun, kì í ṣe èmi."

"Láìsí ipò? Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀wé?"

"Ẹ ti dé nìyẹn. Ẹ ẹ̀ tún bi í bóyá orí méjì ni ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ní."

Ẹ̀rín pa Kàsímù. Ó gbọ́ ohùn Hameedah lókèèrè: "Gíránpà, please, ẹ má sọ pé mi ò gbìyànjú tó o!"

"Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá," ni Nùsírátù wí, "màá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

Ó gbé fóònù sórí itan, ó tẹ̀ ẹ́ pé: *Hameedah lè ṣe jù báyìí lọ.* Ó wò ó. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú káàdì tirẹ̀ gan-an nìyẹn, tí bàbá rẹ̀, télọ̀ tí kò mọ̀wé kà, máa ń ní kí aládùúgbò kà fún òun. Ó pa á rẹ́.

Ojú bàbá rẹ̀ kì í ríran dáadáa lálẹ́. Kàsímù ló máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, tí yóò fi gbogbo wọn gún àyà ẹ̀wù bàbá náà fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Káàdì kò béèrè ìyẹn, bàbá náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ìbá ti dùn mọ́ ọn tó, ká ní ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìbáà ṣe fún oníbàárà tó wá gba ṣòkòtò! Bàbá ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tipẹ́. Kò sí fóònù tó ń débẹ̀.

Ṣùgbọ́n Hameedah wà ní Chadwell Heath, ó ń retí. Kàsímù nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́:

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Èmi ni bàbá ìyá Hameedah. Tí mo bá sùn lọ nídìí tẹlifíṣọ̀n, kì í pa á, torí ó mọ̀ pé bí ilé bá ti pa lọ́lọ́ ni màá jí. Yóò kàn yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó wò mí ni, ó sì mọ̀ mí. N kò rí oorun gidi sùn láti ìgbà tó ti lọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé."*