Ohùn Mi Lábẹ́ Bírékì

Ọkọ mi kì í pe mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti wá. Kì í pe mẹkáníìkì, kì í pe rewáyà. Bí ó bá ṣeé ṣe kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yọ eyín ara rẹ̀, Rasaq ì bá ti yọ tirẹ̀ tán, á sì ní kò fi bẹ́ẹ̀ dun òun. Ó ní olè ni gbogbo wọn. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò ju kí wọ́n tú nǹkan, kí wọ́n sì tún un tò, ta wá ni kò lè tú nǹkan?

Lóòótọ́, títú kò fún un ní wàhálà rí. Fọ́tò ló ń yà ní Àkọ̀wọ́njọ kí gbogbo ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya ara wọn. Ó tú kámẹ́rà rẹ̀ nígbà kan, ó tún un tò, àtọjọ́ náà ni kámẹ́rà ọ̀hún ti ń gé orí àwọn èèyàn kúrò nínú fọ́tò. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan ṣì wà nílé ìmáàmù àdúgbò wa dòní, ọrùn ìyá àti ọmọ nìkan lẹ ó rí níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò kú, ó ra kẹ̀kẹ́ Màrúwá, wọ́n sì gbà á sí páàkì àwọn tó ń ná Ìkọ̀tún sí Ìgándò.

Màrúwá náà dára nígbà tó gbé e dé. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, òrùlé rọ́bà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Inú mi dùn sí i gan-an, mi ò ní purọ́. Àfi bí Rasaq ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Họ́ọ̀nù tírélà ló kọ́kọ́ gbé sí i, bí ó bá sì fọn ọ́n, ewúrẹ́ á kó sí gọ́tà. Ó wé iná búlúù mọ́ òrùlé yí ká. Ó kan fáànù kékeré mọ́ ọn, nínú ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló gbé sípíkà ńláńlá méjì sẹ́yìn ìjókòó àwọn èrò, àpótí tó ń gbé ohùn wọn sókè ò wá ráyè wọlé. Ló bá tú bírékì ọwọ́ kúrò, ó gbé àpótí síbẹ̀. Mo bi í pé bírékì ọwọ́ ńkọ́. Ó ní tẹsẹ̀ ṣì wà, pé ṣé èèyàn ń wọ bàtà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ni?

Sípíkà yìí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní Èkó, bí èrò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe àlàyé. "Ó wà" ló máa sọ, dírẹ́bà á sì dúró. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà tí sípíkà ń bú lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ kò lè gbọ́ ó wà. Ẹni tó fẹ́ sọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí á bá ara rẹ̀ níwájú ọsibítù. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìyá ìyàwó ṣíámáànù páàkì kọjá ibi tó ń lọ, ó gbé e dé òpin ọ̀nà. Gbogbo bí màmá náà ṣe ń ké ó wà, ó wà, Rasaq rò pé wọ́n ń bá òun gbe orin ni.

Alhaji Sàlámì lorúkọ ṣíámáànù ọ̀hún. Kì í pariwo, ohun tó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Ó pe Rasaq sí ìta, ó ní, "Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán, èmi fúnra mi ni màá gun Màrúwá ẹ láti Ìkọ̀tún. Bí mo bá ní ó wà, tí o dúró, ìwọ náà ṣì wà pẹ̀lú wa nìyẹn. Bí o ò bá dúró, má padà wá sí páàkì yìí mọ́."

Nígbà tí ó sọ fún mi, ẹ̀rù bà mí. Páàkì yẹn là ń jẹ. Aṣọ ni mò ń rán, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò sì lè dá gbé ilé ró, pẹ̀lú Aasiyah ọmọ wa tó wà nílé ìwé. Mo ní, "Bàbá Aasiyah, ẹ yọ sípíkà." Ẹ̀yin ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, pàápàá bí inú bá ń bí mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní páàkì náà sọ pé kó yọ sípíkà. Ìyá tó ń ta kerosíìnì lójúlé kejì, tí kò gun Màrúwá rí láyé rẹ̀, ní kó yọ sípíkà. Ó wo gbogbo wa, ó mi orí. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe sípíkà, àwọn èrò ni kò lóhùn.

Ló bá gba ọjà Ìkọ̀tún lọ, ó ra bẹ́ẹ̀lì kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀nà ilé. Ọ̀rọ̀ tí o bá gbà sínú rẹ̀ ló máa sọ jáde bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnì, bí wọ́n bá sì ti gbọ́wọ́ kúrò, á dákẹ́. Bí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun á so ó mọ́ sípíkà, èrò tó bá fẹ́ sọ̀ á kàn tẹ bọ́tìnì. Ó wá gbé e síwájú mi níbi tí mo ti ń ránṣọ, ó ní ohùn mi ló lágbára jù ládùúgbò. Mi ò tíì mọ̀ dòní bóyá ìyìn ni.

Ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó ní ó yá. Mo ní, "Ó wà o." Mo bi í pé ṣé ó ti tó, ó fi orí dáhùn, ó tún tẹ nǹkan kan, ó gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ó lọ wá sukudíráíbà. Ohun tó tẹ̀ kẹ́yìn yẹn, kì í ṣe ibi tí wọ́n fi ń pa á. Èmi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀. Mo rò pé èmi nìkan ló kù pẹ̀lú aṣọ mi, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi, bí mo ṣe máa ń ṣe bí ó bá ti kẹ̀yìn sí mi.

Lọ́jọ́ Alámìísì ló so wáyà. Wáyà bẹ́ẹ̀lì pupa, wáyà iná tó ń tàn lẹ́yìn bí èèyàn bá tẹ bírékì náà pupa, ó so àwọn méjèèjì pọ̀ torí pé àwọ̀ wọn bára mu. Ó so ó tààrà mọ́ bátìrì, ó ní òun ò fẹ́ kó máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ sì ti yá, ó tú bírékì ẹ̀yìn láti wò ó, ó tún un tò. Ìgbà tí mo gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí bóòtù méjì lórí símẹ́ńtì. Mo kó wọn lọ bá a. Ó ní jàrá ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i. Mo so bóòtù méjèèjì mọ́ etí ìró mi, mo sì pinnu pé mo máa bá wọn gun Màrúwá náà lọ́la, torí bí ọkọ mi ò bá bẹ̀rù Alhaji, ó yẹ kó bẹ̀rù èmi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alhaji jókòó ní apá kan, èmi jókòó ní apá kejì, ìyá kan tó ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn ní ọsibítù Ìgándò wà láàárín wa. Rasaq ò fi orin kankan sí i. Bí a ṣe kúrò ní Ìkọ̀tún báyìí, a dé ibi kòtò kan, ó fẹsẹ̀ kan bírékì díẹ̀. Ohùn mi bú jáde láti ẹ̀yìn: "Ó wà o."

Alhaji bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń sọ̀, Alhaji."

Kòtò kejì, ó wà o. Kòtò kẹta, ó wà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ iye kòtò tó wà níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ wo ẹnu mi, ó rí i pé ó wà ní pípadé, ó bá sún kúrò lára mi.

Ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ dà gẹ̀rẹ́ lọ síhà ààtàn Solous, lọ́rí kan dúró gbàgàdà níwájú wa. Ó di dandan kí Rasaq tẹ bírékì mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti kọjá ó wà. "Ó wà o. Ṣé ó ti tó? Ó ti lọ nìyẹn. Bàbá Aasiyah, ọgbọ́n wo lẹ tún fẹ́ gbé dé báyìí? Wọ́n ní kẹ́ ẹ yọ sípíkà, ẹ lọ ra bẹ́ẹ̀lì. Bírékì ọwọ́ ẹ ti tú u dànù, ẹ gbé àpótí sípíkà síbẹ̀."

Alhaji rọra ní, "Ìyá Aasiyah, ẹ ṣe sùúrù fún un."

Mo ní, "Alhaji, mo ti dákẹ́ tipẹ́."

Rasaq pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kú, ohùn mi ò kú, ọkọ mi ṣáà ní òun ò fẹ́ kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó wá ká ẹsẹ̀ kúrò lórí bírékì. Ohùn mi dákẹ́. Ṣùgbọ́n Màrúwá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sídìí lọ́rí. Ó tẹ bírékì padà, ohùn mi sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ó wà o. Mo rí òógùn ní ọrùn rẹ̀. Ọkùnrin náà ti wá rí i pé bí òun bá dúró, ìyàwó òun á sọ̀rọ̀, bí ìyàwó òun bá sì dákẹ́, òun ò ní dúró.

Lọ́rí lọ. A bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, ohùn mi bẹ̀rẹ̀, ó dé bírékì ọwọ́, ó kọjá rẹ̀, ó ní, "Alhaji Sàlámì yín yẹn náà..." Ni Rasaq bá ká ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, ó jẹ́ kí Màrúwá máa yí lọ.

Alhaji ní, "Ó wà."

Rasaq ò dúró.

"Rasaq, mo ní ó wà."

Inú mi bàjẹ́. Láti ọjọ́ tó ti gbé sípíkà sínú ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ó wà dáadáa. Mo rí i bí ejìká rẹ̀ ṣe sún kì. Ó gbọ́, ó sì mọ̀ pé páàkì ń bọ́ lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ ó yàn án kí a máa yí lọ ju kí Alhaji gbọ́ ìyókù. Ìyá olóúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke tí irin àlòkù kún inú rẹ̀ yọ síwájú wa, Rasaq wá fi gbogbo ara tẹ bírékì. Ó lọ sílẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, kò padà sókè mọ́. Ó wọ́ ọwọ́ ọkọ̀ sápá kan, Màrúwá fò kúrò lójú ọ̀nà, ó sì wọ inú òkìtì ìdọ̀tí lọ títí dé ìjókòó Rasaq. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìdọ̀tí rọ̀. Kò sẹ́ni tó farapa.

Ṣùgbọ́n bírékì ti há sílẹ̀. Ohùn mi sì bẹ̀rẹ̀.

A jókòó sínú ìdọ̀tí, a gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wà o. Bírékì ọwọ́. Ó kan ti Alhaji: "Alhaji Sàlámì yín yẹn náà, kò mọ̀ ju àga rẹ̀ lọ. Bó bá mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ni, á ti wo bírékì gbogbo yín kó tó máa sọ ti ìyá ìyàwó rẹ̀." Alhaji yọ ewé mọ́ínmọ́ín kan kúrò lórí fìlà rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Ohùn mi ò wo ilẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ó mẹ́nu ba kámẹ́rà, ó mẹ́nu ba orí ìyàwó ìmáàmù.

Lẹ́yìn náà ló wálẹ̀. Mo ti gbàgbé pé mo sọ eléyìí. "Ẹ ò mọ̀ pé bí ẹ bá ti jáde, gbogbo họ́ọ̀nù tó bá dún lọ́nà, àyà mi á já. Mi ò ní ọkọ mìíràn nípamọ́. Bí wọ́n bá lé yín ní páàkì, a ó jẹ gàárì. Bí wọ́n bá gbé yín wálé fún mi ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ gbé e lọ bá Ọláníyan mẹkáníìkì." Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá dún díẹ̀ nínú bẹ́ẹ̀lì náà, kẹ́kẹ́kẹ́, ó sì dákẹ́.

Rasaq ò yí ojú padà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọwọ́ ọkọ̀.

Mo tú etí ìró mi, mo na bóòtù méjèèjì sí Alhaji. Ó gbà wọ́n, ó yí wọn wò. Ó ní, "Rasaq, mo ní ó wà, o ò dúró. O mọ ohun tí mo sọ." Rasaq ní òun mọ̀ ọ́n, sà. Alhaji bojú wọ̀tún, ó bojú wòsì, ó rí àwọn tó ń ṣa ike lórí ààtàn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ní páàkì. Pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Gbé ọkọ̀ yìí lọ bá Ọláníyan, kó yọ gbogbo pàǹtí yìí kúrò, kó fi bóòtù wọ̀nyí síbi tó yẹ. Ọjọ́ tí Ọláníyan bá sọ fún mi pé bírékì pé, wá sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ kò kan ẹnikẹ́ni."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọláníyan tó ń ṣe mẹkáníìkì ládùúgbò Command ló tú gbogbo rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nígbà tó tò ó tán. Rasaq padà sí páàkì. Ó sọ fún Alhaji pé òun ti ju bẹ́ẹ̀lì nù, Alhaji sì mí kanlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo gbọ́ ohùn ara mi lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú. Bàbá Aasiyah jókòó lórí àpótí, bẹ́ẹ̀lì wà lórí itan rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀. Ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń bú u, ó ń dúró de ìparí. Kò sí bó ṣe lè gbọ́ ìparí láìgbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti ní mi ò ní ọkọ mìíràn nípamọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ padà kó má rí mi.

Ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò, ó sì mú sukudíráíbà jáde. Ó yí bẹ́ẹ̀lì náà dojú dé, ó ń wá ibi tí ṣúrúù rẹ̀ wà. Ó fẹ́ tú u, kó lè yọ apá èébú kúrò, kó ku apá tó dùn.

Mo ní, "Bàbá Aasiyah, ó wà."

Ó dúró.