Ta Ló Ní Kí Tíṣà Lọ Dúró Láàárín Títì?

1.

…ibi méjì ni ẹsẹ̀ náà ti kán, wọ́n sì ń pè é ní "ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré".

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Tíṣà. Èmi àbúrò rẹ̀, aránṣọ ni mí. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Àwa mẹ́rìnlá la yọ̀ǹda ara wa láti tọrọ owó, ká lè bá ilé ìwòsàn ra ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí kò pé oṣù móoru. Kò sẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ rere ni. Mo tètè sọ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má baà fi pa mí lẹ́nu mọ́.


2. ÌKÌLỌ̀

(Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí ẹsẹ̀ náà tó kán ni mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé.)

KÍ A TÓ JÁDE:
— Ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ìlú. Bí kò bá sí, a ò jáde.
— Méjì-méjì. Kẹ́nikẹ́ni má dá dúró.
— Ẹ̀gbẹ́ títì la ó dúró sí. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ojú títì.
— Káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn. Ẹ̀wù tó ń tàn lára.
— Àpótí owó tí a lẹ̀ pa.
— Ẹni tó bá ní òun ò ní, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ má tẹ̀ lé e.

Ẹnìkan fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Ṣé ogun la ń lọ ni?*

Mo mọ ìkọ̀wé Alága wa.


3. OHUN TÍ A SỌ NÍ ÌPÀDÉ

ALÁGA: Ìwé àṣẹ kẹ̀? Ṣé olè la fẹ́ jà ni?

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin ni. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń ṣe é.

ALÁGA: Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ò lè dúró de ọjọ́ mẹ́wàá. Akọ̀wé, gbogbo nǹkan tó bá ti dán ni ìwọ máa ń fi abẹ́rẹ́ wá ihò sí lára.

(Ẹ̀rín.)

TÍṢÀ: Àbúrò mi ò purọ́ o. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọdá, a ò wá lè sọ títì di ibùdó.

ALÁGA: Ẹ̀yin Tíṣà wa! Ẹ̀yin tí ẹ bá pariwo níbí, ará ọ̀run á dáhùn! Ẹ̀yin gan-an la gbójú lé.

(Ẹ̀rín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.)

Bí wọ́n ṣe ń fi ìyìn di èèyàn lẹ́nu nìyẹn.


4. ÈTÒ IṢẸ́, ỌJỌ́ SÁTIDÉ

Tíṣà àti Onídìrí — ẹ̀gbẹ́ títì, iwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn.

(Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà gba orí èyí kọjá. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:)

TÍṢÀ NÌKAN — ÀÁRÍN TÍTÌ. IBI INÁ TÓ Ń DARÍ ỌKỌ̀.

Alága ló yí i padà. Èmi ò sí níbẹ̀.


5. Ọ̀RỌ̀ ẸNI TÓ GUN ALÙPÙPÙ, BÓ ṢE SỌ Ọ́ FÚN ỌLỌ́PÀÁ

"Iná ti ní ká máa lọ. Mo gba àárín ọkọ̀ méjì. Màmá kan kàn yọ sí mi níwájú bọ́ọ̀sì, àpótí wà láyà wọn. Wọn ò wọ nǹkan kan tó ń tàn. Mo tẹ bíréèkì títí mo fi ṣubú, alùpùpù sì gbá wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Èmi náà níyàá."


6.

Títí di òní, òun nìkan ló tíì bẹ̀bẹ̀.


7. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ALÁGA SÍ GBOGBO ẸGBẸ́

*Ẹ kú iṣẹ́ àánú o. Ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré kan ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà wa. Ẹ má gbé e káàkiri. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí gbogbo wa máa buwọ́ lù.*

Ohun tó wà nínú ìwé náà:

*Mo jẹ́rìí pé a ti kìlọ̀ fún mi kí n má ṣe dúró lójú títì. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ló ṣe.*

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀: ọjọ́ Ẹtì, tó ṣáájú ìjàǹbá.
Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù: ọjọ́ Ajé, tó tẹ̀ lé e.
Àwọn tó ti buwọ́ lù ú: gbogbo wọn, àfi èmi, àti ẹni tó wà lórí ibùsùn.


8.

Ìkìlọ̀ mi! Èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀! Pàṣán tí mo gé ni wọ́n wá fi ń na ẹ̀gbọ́n mi!

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Tíṣà da omi síwájú. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló tẹ̀.


9. (ÀTÚNṢE SÍ 4)

Mo ní èmi ò sí níbẹ̀. Irọ́ ni.

Mo wà níbẹ̀. Alága ní, "Akọ̀wé, yá mi ní bírò." Pupa ló wà lọ́wọ́ mi. Mo nà án sí i. Mo ń wò ó bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ti sú mi kí wọ́n máa pè mí ní oníwàhálà.

Mo dákẹ́.

Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.


10. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ALÁGA, ỌJỌ́RÚ

*ÀKÀNṢE ÌTỌRẸ FÚN ẸSẸ̀ TÍṢÀ! Sátidé yìí, oríta yẹn kan náà. Ta ló máa gba ipò Tíṣà níbi iná?*

Onídìrí: *Èmi.*
Káfíńtà: *Èmi náà.*
Ìyàwó Káfíńtà: *Tọkọtaya la ó jọ dúró, sà.*

Ìwé àṣẹ: kò sí.

Èèyàn rere ni wọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.


11. Ọ́FÍÌSÌ ÌLÚ, FÈRÈSÉ KẸTA, ỌJỌ́BỌ̀

ÒṢÌṢẸ́: Ẹ̀yin lẹ kọ ẹ̀sùn yìí lórí ẹgbẹ́ yín?

ÈMI: Èmi ni.

ÒṢÌṢẸ́: Bí mo bá ti lu òǹtẹ̀ báyìí, ọlọ́pàá á dá wọn dúró ní Sátidé. Wọ́n á kó àpótí wọn títí ìwádìí á fi parí. Ó lè tó oṣù mẹ́ta. Ṣé ó yé yín?

ÈMI: Ó yé mi.

ÒṢÌṢẸ́: Ta ló kọ ètò iṣẹ́ tẹ́ ẹ so mọ́ ọn yìí?

ÈMI: Èmi náà ni.

ÒṢÌṢẸ́: A jẹ́ pé wọ́n á pe ẹ̀yin náà.

ÈMI: Kí wọ́n pè mí.

(Fóònù mi dún. Ohùn Tíṣà ni, ó ti gbà á sílẹ̀ fún mi. Mo gbé e sétí.)


12.

"Àbúrò mi, wọ́n ní o wà ní ọ́fíìsì ìlú. Dókítà ní irin ni wọ́n máa fi sínú ẹsẹ̀ yìí, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi ò lè ra ìdajì ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Tó bá di ọjọ́ Ajé, fi wọ́n sùn títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́, màá tẹ̀ lé ẹ lọ lórí ọ̀pá. Àbí òfin tìẹ ló máa ra irin fún mi?"

Mo gbọ́ tí ibùsùn rẹ̀ ń dún.

"Ta ni wọ́n ní kó dúró síbi tí mo dúró sí?"


13.

Òṣìṣẹ́ ti gbé òǹtẹ̀ sókè.

"Màmá, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn yín o."

Mo bojú wẹ̀yìn. Èèyàn méje ni. Oníkálukú mú ìwé tirẹ̀ dání, wọ́n ń dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni pé kò sóhun tó ń kánjú láyé. Inú wọn bí mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi.

"Màmá. Ṣé kí n lù ú?"