Ibi Òfìfo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìràwọ̀

4.
…torí ìràwọ̀ arúgbó ni, ó ń kú lọ. Ó ti bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ sílẹ̀, eruku sì yí i ká. Eruku yẹn ń gba ooru lára rẹ̀, ó ń tú u jáde padà. Ojú lásán kò rí irú ooru bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó bá tutù rinrin ló ń rí i.

5. ÌKÉDE, lára ilẹ̀kùn
OMI TÓ Ń MÚ KÁMẸ́RÀ TUTÙ TI FẸ́Ẹ̀ TÁN.
WÍWÒ KAN ṢOṢO LÓ KÙ.
— Ẹlẹ́rọ

5, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ìyá Eruku ni wọ́n ń pe obìnrin kan tó ń wo ìràwọ̀ níbẹ̀, torí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn-án sọ. Òun ló rí i pé eruku ìràwọ̀ yìí ní ààlà: ó dé ibì kan, ó dá wáí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ti gbé e fún àwọn oníròyìn. Ìgbéga obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ dúró lórí ààlà yẹn.

6.
Wọ́n á wo ìràwọ̀. Wọ́n á wo ibi òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, torí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ náà ń mú ooru wá. Ìyẹn ni wíwò kan.

7.
Tí ibi òfìfo yẹn kò bá ṣófo ńkọ́?

8.
Ibi tí Ìyá Eruku ti ń fọ ife tíì láàárọ̀ ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn. Òun ló yan ibi òfìfo náà, ó sì yàn án sún mọ́ ìràwọ̀ jù, kí iṣẹ́ lè yá. Bí eruku bá wà níbẹ̀, àwọn ló fọwọ́ ara wọn yọ ọ́ kúrò, tí wọ́n wá ń pe ibi tí wọ́n gé e dé ní ààlà.

9. OHÙN TÍ A GBÀ SÍLẸ̀
Ọ̀GÁ: Ìràwọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àwòrán tó rẹwà la fẹ́.
ÌYÁ ERUKU: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wo ibi òfìfo yẹn, ká fi ibi tó jìnnà wé e.
Ọ̀GÁ: Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara ẹ ṣera ẹ ni?
ẸLẸ́RỌ: Ẹ má bínú o, kámẹ́rà ti ń gbóná. Èwo ni kí n ṣe?

10. Lórí fóònù Ìyá Eruku
*Ọmọ mi, mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí ìgbéga náà? — Màmá*

11.
Ẹ̀rù bà á gan-an. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé.

12.
ÌYÁ ERUKU: Ibi òfìfo.
ẸLẸ́RỌ: Ó dá yín lójú?
ÌYÁ ERUKU: Rárá. Ẹ yí i síbẹ̀.

13.
Ọ̀gá jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.



Ó wá mọ́ díẹ̀, káàkiri, títí kan ibi tó jìnnà.

14.
ÌYÁ ERUKU: Eruku ni àbí kámẹ́rà ló ti gbóná?
ẸLẸ́RỌ: Mi ò mọ̀. Omi tútù ti tán.
(Ẹlẹ́rọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wíwò)
ẸLẸ́RỌ: Ìyá Eruku, kí ni ká kọ?