Irin Inú Àpò Ẹ̀yìn

Nọ́ọ̀sì ń ṣí báńdéèjì ìdí jórinjórin lọ́wọ́ ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ já wọlé.

"Má yí ọ̀rọ̀ padà o," ọ̀gá wí. "Ásíìdì bátìrì ló jó ọ. Bí o bá dárúkọ ẹ̀rọ yẹn, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ pa."

Jórinjórin dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń bu ìrọ̀rí jẹ, torí báńdéèjì ti lẹ̀ mọ́ ẹran. Níbi iṣẹ́ wọn, ohunkóhun tó bá já bọ́, àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ló ń gbé títí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó kó o fún ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe irin kékeré tó he lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán inú páìpù. Kò mọ̀ pé ìtànṣán inú irin náà ń jó òun.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti gé ẹran tó kú, tó sì lẹ awọ tuntun mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jẹrà. Dókítà ní ásíìdì kì í jẹ wọnú báyìí, pé bí òun kò bá mọ ohun tó fà á kí òun tó gé e lẹ́ẹ̀kẹta, odindi ẹsẹ̀ ló máa lọ.

"Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ tiyín sílẹ̀ kí wọ́n gé e," ìyàwó jórinjórin, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, sọ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá tì í mọ́ ògiri. Ó di bó ò lọ, yà fún mi. Obìnrin náà fi abọ́ irin fọ́ ọ nímú, ọ̀gá fún un lọ́rùn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Jórinjórin já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú egbò rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀gá mú, ó lọ́ ọ.

Igbe tí ọ̀gá ké ju ìrora ọwọ́ lílọ́ lọ. Awọ ìka méjì bọ́ sí jórinjórin lọ́wọ́.

"Ọwọ́ lásán ni mo fi dá irin yẹn padà sínú ẹ̀rọ," ọ̀gá wí lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Mo rò pé á san."

Inú jórinjórin dùn, ojú sì tì í pé ó dùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ fún dókítà," ó wí. "Irin ẹ̀rọ ni. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi wà nínú àpò mi."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Ó mú ìwé mìíràn, ó bi ọ̀gá pé ìṣẹ́jú mélòó ni òun fi di irin náà mú. Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn títí. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì na ọwọ́ tó bó náà sí nọ́ọ̀sì.